Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Under G tó dá ohùn kọ̀ǹpútà mi padà

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ kí iṣẹ́ tó gbà mí lọ́kàn, torí mo ti ṣèlérí fún ọmọkùnrin tó bá mi tún kọ̀ǹpútà mi ṣe ní Under G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé màá sọ fáwọn èèyàn nípa ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń kọ ọ́. Ohùn ló lọ lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù tí mo fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni iṣẹ́ fi dúró. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ gba ₦19,000 lọ́wọ́ mi, wàhálà tí mo gbé lọ ni mo gbé bọ̀, òmíì tún wá kún un. Ìgbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ Under G yìí, ₦5,000 ló gbà, bíi wákàtí méjì la lò, ohùn dé, kò sì pààrọ̀ ẹyọ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ náà.

Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe ká mi lára tó, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń gba ohùn sílẹ̀ fáwọn ọlọ́jà. Tẹ́ ẹ bá dé Ọjà Wàsò tẹ́ ẹ rí ẹni tó so hóònù mọ́ iwájú ọ̀kadà, tó ń gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀, tí hóònù ń pariwo "oògùn èkúté rèé o, oògùn aáyán, oògùn ìdun, ẹ má jẹ́ kí èkúté bá yín pín gààrí mọ́", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú yàrá mi la ti ṣe é. Mo ń ṣe ti àwọn alágbo, mo ń ṣe ti àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù àti irin àlòkù, mo ń ṣe ìkéde ìsìnkú tí wọ́n máa ń gbé sórí ọkọ̀ yí ìlú ká. Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ni mo fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò já mi kulẹ̀ rí. Ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí ohùn ò wá jáde lórí ẹ̀rọ ẹ̀ mọ́, bíi télọ̀ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ sọnù ni, aṣọ kún ilẹ̀, àwọn oníbàárà ń pè, kò sóhun tó lè rán.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọkọ mi kékeré, àbúrò baba àwọn ọmọ mi tó ń kàwé ní LAUTECH, ló bá mi wá mọ́nítọ̀ tó fẹ̀ ju tèmi lọ. Èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, wáyà VGA ni, tuntun yìí, HDMI ni. Ó so ó fún mi lálẹ́, ó ríran dáadáa, ohùn ń jáde, inú mi dùn. Lọ́jọ́ kejì mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ, wọ́n dá a padà, wọ́n tún mú un lọ, bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan, ìgbà tí mo máa tan ẹ̀rọ padà, kò sóhùn. Àmì sípíkà tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún wà níbẹ̀, kò ní X pupa kankan lára. Mo fa ohùn sókè dé 100. Mo yọ wáyà sípíkà lẹ́yìn CPU, mo nù ún, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo so sípíkà kan náà mọ́ fóònù mi, ó ń dún bí agogo, ó túmọ̀ sí pé sípíkà ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé iná ti jó nǹkan nínú kọ̀ǹpútà.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní sọ àdúgbò wọn, mi ò fẹ́ ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, ohun tí wọ́n ṣe nìkan ni màá sọ. Wọ́n ní CPU nìkan làwọn nílò, kí n gbé mọ́nítọ̀ mi sílé. Wọ́n gbà á lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì, wọ́n ní kí n padà wá lọ́la. Mo padà lọ, wọ́n ní sound card, ohun tó ń mú ohùn jáde, nínú mọ́dábọ́ọ̀dù ló jó nígbà tí iná dé, tí àwọn bá máa pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, ₦65,000 ni, àmọ́ àwọn lè bá mi dọ́gbọ́n sí i. Ọgbọ́n yẹn ni sound card kékeré kan tó dà bíi fláàṣì, tó ní ihò méjì lẹ́nu, ọ̀kan fún íápíìsì, ọ̀kan fún máìkì. ₦9,000. Wọ́n tún gba ₦10,000 pé àwọn fi driver, ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lò ó, sí i. Lójú mi níbẹ̀, ó dún. Mo gbé e délé, ó dún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lówurọ̀ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ fi fláàṣì kọ́sítọ́mà kan sí i, mo bá yọ sound card yẹn kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, mo fi í sí ihò USB kejì. Mo ṣí Audacity, mo tẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀, ó gbé ìwé jáde pé Error opening sound device. Mo gbìyànjú YouTube, YouTube ń dún, àmọ́ ó ń ṣe ṣíí-ṣíí lábẹ́ bíi pé wọ́n ń dín àkàrà. Mo wá wo ibi tí wọ́n ti ń yan ọ̀nà tí ohùn máa gbà jáde, orúkọ tí mo bá níbẹ̀ ni "2- USB Audio Device". Méjì báwo? Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rà. Mo tún un gbé padà sí ihò àkọ́kọ́, mo gbé e lọ sẹ́yìn, ó di "3-". Bẹ́ẹ̀ ni máìkì mi náà, tó jẹ́ USB, ti ní "2-" lórí. Bíi pé gbogbo nǹkan inú ẹ̀rọ náà ń bí ìbejì, tí ìbejì sì tún ń bí ìdòwú. Lọ́jọ́ kẹrin, kò dún níbì kankan mọ́, mo yan èyí, mo yan tọ̀hún, mo gbé wáyà lọ, mo gbé e bọ̀, orúkọ tí mo bá yàn àti ihò tí wáyà wà kò tiẹ̀ bá ara wọn mu mọ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n ní kí n má yọ ọ́ kúrò lójú kan mọ́, pé bọ́ọ̀dù ni kí n lọ wá owó ẹ̀.

Bàbá olóògùn èkúté, kọ́sítọ́mà mi, ló júwe ọmọ Under G yìí fún mi. Wọ́n ti sanwó fún ohùn tuntun tí mi ò tíì rí fún wọn, dípò kí wọ́n bínú, wọ́n ní ọmọ kan wà tó tún láptọ́ọ̀pù ọmọ wọn ṣe, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Mo pè é. Ohun tó jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀ sí i kí n tó rí ojú ẹ̀ rárá nìyí: ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé CPU nìkan wá o. Ẹ gbé mọ́nítọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń lò, wáyà ẹ̀, sípíkà, máìkì, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá so mọ́ ọn nílé, ẹ kó gbogbo ẹ̀ wá." Mo háyà kẹ̀kẹ́ láti Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, a gba Takie kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀.

Òkè ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, kò sí àmì ńlá níta, sólà wà lórí òrùlé, torí náà iná ò dá iṣẹ́ wọn dúró. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo dúró fún wákàtí kan ó lé kó tó kàn mí, màá padà sórí ìyẹn. Nígbà tó kàn mí, kò gbé e wọ ibì kankan. Ó tẹ́ gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì iwájú, ó so ó bí mo ṣe máa ń so ó nílé gẹ́lẹ́, ó wá fa àga sí ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀, ó ní, "Ẹ jókòó síbí mà, kẹ́ ẹ máa rí ojú ẹ̀."

Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí. Ìgbà wo ló lọ? Kí ni nǹkan tuntun tẹ́ ẹ fi sí i kó tó lọ? Ta ló ti fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà, kí ni wọ́n ṣe? Mo sọ ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ iná, mo sọ ti sound card. Ó mi orí. Ó ní kí n tẹ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ mi kó máa lọ, mo tẹ ti oògùn èkúté, kò sóhùn. Ó wá di Windows àti R mú pọ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, ó tẹ mmsys.cpl síbẹ̀, ojú ìwé kékeré kan ṣí tí àkọlé ẹ̀ ń jẹ́ Sound. Ó fi máòsì nà án sí mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mọ́nítọ̀ mi, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ní àwọ̀ ewé, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń jó sí ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ lórí, ó gòkè níbi "èkúté", ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mo ti mí.

Ó ní, "Àǹtí, ṣẹ́ ẹ rí i? Kọ̀ǹpútà yín ń sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ló kàn ń bá sọ̀rọ̀."

Ó yí mọ́nítọ̀ náà dà, ihò kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí mi ò tiẹ̀ kíyè sí láti ọjọ́ tí mo ti ń lò ó. Ó kì íápíìsì ara ẹ̀ bọ ibẹ̀, ó nà mí ní ẹyọ kan, mo fi sétí, ohùn ara mi ni mo gbọ́ kedere, "ẹ má jẹ́ kí èkúté bá yín pín gààrí mọ́". Ọjọ́ mọ́kànlá tí mo fi ń sunkún ohùn yìí, ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ ló wà. Mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi fún yín, mo kàn jókòó, mo gbọ́ ọ títí ó fi parí.

Àlàyé tó ṣe fún mi ni pé wáyà HDMI ò dà bíi VGA. VGA, àwòrán nìkan ló ń gbé. HDMI ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀ nínú wáyà kan náà, torí náà tẹ́ ẹ bá ti so ó, Windows lè ka mọ́nítọ̀ yẹn sí sípíkà pẹ̀lú, ì báà má ní sípíkà kankan nínú. Ó wá lè jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ tí nǹkan ò tò dáadáa ni Windows máa yan mọ́nítọ̀ yẹn láti gbé ohùn gbà. Tèmi ò ní sípíkà nínú, ihò íápíìsì nìkan ló ní. Ìdí tí X pupa ò fi sí lára àmì sípíkà nìyẹn, torí lójú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ń lọ.

Mo wá bi í léèrè pé, sound card tó jó ńkọ́? Ó ní ká wò ó. Ó ṣe right-click sí àyè tó ṣófo lójú ìwé yẹn, ó mú Show Disabled Devices àti Show Disconnected Devices, ìwé tó ní orúkọ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ bá di mẹ́sàn-án. Àwọn tó kù rí bàìbàì, wọ́n ṣú. Ọ̀kan nínú wọn ni Speakers, High Definition Audio Device, ọfà dúdú kékeré kan wà lára ẹ̀ tó kọjú sísàlẹ̀. Ó ní ọfà yẹn túmọ̀ sí pé èèyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Sound card inú bọ́ọ̀dù nìyẹn, èyí tí wọ́n ní ó ti jó! Ó tẹ̀ ẹ́, ó mú Enable, ó kì sípíkà mi bọ ihò aláwọ̀ ewé lẹ́yìn CPU, ó mú Set Default, ó tẹ Test. Ó dún lápá òsì, ó dún lápá ọ̀tún. Ó mọ́ gaara, kò sí ṣíí-ṣíí kankan.

Ó wá lóun fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n rò pé ó jó. Ó kì íápíìsì sí ihò iwájú CPU, kò dún. Ó fi í sẹ́yìn, ó dún. Ó ṣí ẹ̀gbẹ́ CPU (eruku tó wà níbẹ̀ pọ̀, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n), ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù hàn mí: wáyà tó ti ihò iwájú wá kàn ń mì dirodiro ni, kò wọ bọ́ọ̀dù. Ẹnu wáyà náà ní ihò mẹ́sàn-án, wọ́n dí ojú kan pa kí èèyàn má baà kì í sódì. Ó wá irin ẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, ó tì í wọlé, ihò iwájú náà ń dún. Ó ṣeé ṣe kó ti wà bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti ra ẹ̀rọ náà ní tòkunbọ̀, torí mi ò lo ihò iwájú rí. Àwọn tọ̀hún ti fi ihò iwájú nìkan yẹ̀ ẹ́ wò, pẹ̀lú mọ́nítọ̀ tiwọn, wọ́n gbọ́ pé kò dún, wọ́n ní bọ́ọ̀dù jó, wọ́n pa ohun tó dá ṣáká, wọ́n ta òmíì fún mi. Ọmọ yìí ò bú wọn o, èmi ni mò ń sọ ọ́. Ó kàn ní, "Tẹ́nì kan bá ní nǹkan jó, ẹ ní kó fi hàn yín."

Ó lè gbowó níbẹ̀ yẹn kó ní kí n máa lọ, ohùn ti dé. Ṣùgbọ́n mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi mójú tó àwọn orúkọ méjì-méjì yẹn, torí ẹ̀rù wọn ń bà mí. Apá yìí ni mo gbádùn jù, torí èmi fúnra mi ni mo ṣe é, ó kó máòsì lé mi lọ́wọ́.

Ó ní báyìí ni kí n ṣe rò ó: ká ní àlejò kan gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé yín, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé. Ó jáde. Lọ́jọ́ kejì ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ẹ ò wo ojú ẹ̀, ilẹ̀kùn lẹ wò, ẹ bá tún kọ ọ́ bí ẹlòmíì, ẹ fi "2" síwájú orúkọ ẹ̀ kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́. Bí Windows ṣe ń ṣe sí ọ̀pọ̀ nǹkan USB nìyẹn, pàápàá àwọn olówó pọ́ọ́kú tí ilé iṣẹ́ ò kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiwọn sí nínú. Ihò tó bá bá wọn ló fi ń dá wọn mọ̀. Ẹ pààrọ̀ ihò, ó di àlejò tuntun. Ti àtijọ́ ò sì kúrò nínú ìwé, ó kàn fara pamọ́ ni. Audacity tèmi wá ń wá ẹni àkọ́kọ́ tí kò sí nílé mọ́, ìdí tó fi ń gbé Error jáde nìyẹn nígbà tí YouTube ń dún.

A ṣí Device Manager, ibi tí Windows ń to orúkọ gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀rọ sí, ó ní kí n tẹ View lókè, kí n mú Show hidden devices. Mo ṣí Sound, video and game controllers, mo tún ṣí Audio inputs and outputs. Àwọn tó wà láàyè, àmì wọn hàn dáadáa. Àwọn tó ti lọ, àmì wọn ṣì wà níbẹ̀ àmọ́ ó ti ṣá, bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fọ̀ fọ̀. Ó ní àwọn tó ṣá nìkan ni kí n fọwọ́ kàn. Mo ń ṣe right-click sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń mú Uninstall device. Níbi ọ̀kan, àpótí kan yọ tó ń bi mí bóyá kó pa driver náà rẹ́ pọ̀, ó yára dá ọwọ́ mi dúró, ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́, torí ohun kan náà tó wà láàyè lè máa lo driver yẹn. Méje ni mo yọ lápapọ̀. Ó wá ní kí n tan ẹ̀rọ padà, àmọ́ Restart ni kí n tẹ̀, kì í ṣe Shut down. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Ó ní lórí Windows tòde òní, tẹ́ ẹ bá tẹ Shut down, ẹ̀rọ máa ń tọ́jú apá kan ohun tó ń ṣe pamọ́ kó lè tètè jí, Fast Startup ni wọ́n ń pè é, Restart ló máa ń jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí nìkan tó ₦5,000 lójú mi.

Ó tàn padà, orúkọ kù sí méjì, sípíkà àti mọ́nítọ̀. Mo ṣí Audacity, Error ṣì wà níbẹ̀, ọkàn mi fẹ́ já. Ó ní kí n fara balẹ̀, pé Audacity ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀, ìgbà tó bá ń ṣí ló máa ń ka àwọn tó wà nílé, tí nǹkan bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa sọ fún un ni. Ó fi Rescan Audio Devices hàn mí, mo tẹ̀ ẹ́, mo wá yan Speakers àti máìkì mi níbi tí wọ́n ti ń yàn án. Ohùn dé! Mo sọ̀rọ̀ sínú máìkì, mo gbọ́ ara mi padà. Ó gé sẹ́lótéèpù kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ihò USB kan lẹ́yìn CPU, ó fi bírò kọ MÁÌKÌ sí i, ó ní ibẹ̀ ni kó máa wà, kí n má gbé e kúrò níbẹ̀. Sẹ́lótéèpù yẹn ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun míì tí mo fẹ́ràn ni pé kò ta nǹkan kan fún mi. Sound card ₦9,000 tí mo rà, ó ní kò burú, kí n fi pamọ́, ọjọ́ kan lè wà tí màá nílò ẹ̀. Ó sọ fún mi pé Windows 10 ni ẹ̀rọ mi ń lò, Microsoft sì ti dáwọ́ dúró lórí ẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, wọn ò ṣe àtúnṣe ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, àmọ́ processor, ọpọlọ inú ẹ̀rọ mi, 4th generation ni, Windows 11 sì ń béèrè 8th generation ó kéré tán tó bá jẹ́ ti Intel. Kò ní kí n lọ ra òmíì. Ó ní kí n máa da iṣẹ́ mi sórí fláàṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n sì máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀.

Mo wá fẹ́ sọ ibi tó kù sí, torí kò ní dáa kí n máa yìn ín bíi pé kò sí àléébù. Ìdúró yẹn pọ̀ jù. Kò sí nọ́ńbà tí wọ́n ń fún èèyàn, ẹni tó bá lẹ́nu ló ń kọ́kọ́ wọlé, àwọn ọmọ ilé-ìwé méjì dé lẹ́yìn mi, wọ́n ṣe tiwọn tán kí n tó jókòó. Àga mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Gígun òkè pẹ̀lú CPU àti mọ́nítọ̀ le fún obìnrin, ọlọ́kọ̀ kẹ̀kẹ́ ló bá mi gbé e, mo fún un lówó omi. Wọn ò fún mi ní rìsíìtì, mo béèrè, ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kan fún mi, èyí ò tó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó dáa báyìí yẹ kó ní rìsíìtì tó ní nọ́ńbà fóònù lórí. Mo sọ fún un lójú ẹ̀, ó ní òun á tẹ̀ ẹ́. Ó tún ń gbé fóònù lemọ́lemọ́ nígbà tó ń bá mi ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin kí a tó parí. Wọn kì í wá sílé èèyàn, ẹ máa gbé e wá ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú nílé kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ kọ́kọ́ lọ wo mmsys.cpl yẹn kẹ́ ẹ wo orúkọ tí igi aláwọ̀ ewé ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ń lọ. Tó bá ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́nítọ̀ tàbí tẹlifísàn, ẹ yan sípíkà yín, ó lè parí síbẹ̀. Tí kò bá jó níbì kankan rárá, ó di ọ̀rọ̀ míì, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ kó gbogbo wáyà ẹ̀ lọ pọ̀, ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn, ọ̀kan tó kù, mo di í mú títí wọ́n á fi ní nọ́ńbà ìdúró àti rìsíìtì. Láàárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, ó ní aago mẹ́sàn-án lòun ń ṣí, àwọn ọmọ ilé-ìwé ò tíì pọ̀ nígbà yẹn. Ọjọ́ Àìkú wọn kì í ṣí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé báyìí. Wọ́n ti mú iná lọ wọ́n ti dá a padà bíi ìgbà ogún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ohùn tún sá lọ sẹ́yìn mọ́nítọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí mmsys.cpl, mo dá a padà fúnra mi kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Bàbá olóògùn èkúté wá gba iṣẹ́ wọn lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ó dáa, àmọ́ kí n jọ̀ọ́ bá wọn fi ẹ̀fọn kún un.